ORÍ KẸJỌ: Yíyan Ọ̀nà tí A ó Gbà Wá Àṣìṣe inú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé yìí dé ìhín ti mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó ti mọ bí a ti ń pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, ó sì ti mọ bí a ti ń kọ ìdánwò tì í. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n kọ tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ètò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yóò ṣe ohun tí kò rán an, tí yóò jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, tí kò sì ní mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Kọ̀ǹpútà, aṣe-bí-a-ti-wí tí kì í ṣe bí a ti rò, kò mọ ojú àánú, kò sì lè mọ̀ pé ohun tí a kọ kọ́ ni ó wà lọ́kàn wa. Maurice Wilkes, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú iṣẹ́ yìí, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà EDSAC ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé ní ọdún 1949, nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni ó ti yé òun yékéyéké pé púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé òun tí ó kù ni òun yóò máa fi wá àṣìṣe nínú ètò tí òun fúnra òun kọ. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ojú ti akẹ́kọ̀ọ́ kankan nígbà tí ó bá kan tirẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń wá àṣìṣe kò mọ sí ẹyọ kan. Ẹnìkan a máa ka kóòdù rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn a máa ki print bọ ibi gbogbo. Ẹlòmíràn kò ní ṣe ohunkóhun àfi bí ó bá ṣí debugger. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a máa yí ìlà kan padà, yóò dán an wò, yóò tún yí òmíràn padà, yóò tún dán an wò, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí kò sì ní rántí mọ́ bí kóòdù náà ti rí kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ti ṣàkíyèsí lára àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tí ó sì ń dùn mí, ni pé ọ̀nà tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n ń tọ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ ọ̀nà tí ó bá ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ mu, ìbáà jẹ́ èyí tí kò bá a mu rárá. Èrò mi, tí mo sì fẹ́ fi yé yín nínú orí yìí, ni pé ìwà àṣìṣe náà gan-an ni ó yẹ kí ó yan ọ̀nà fún wa, kì í ṣe ìwà tiwa. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi í ro imú.

Ohun tí a ń wá gan-an

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń wá. Àṣìṣe a máa wà ní ìlà kan pàtó nínú kóòdù, bí ìgbà tí a kọ `<` níbi tí ó yẹ kí a kọ `<=`. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó má ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, nítorí pé a kò tí ì fún ètò náà ní iye tí yóò fi ara gbá a. Lọ́jọ́ tí a bá fún un ní irú iye bẹ́ẹ̀, ohun kan nínú ikùn ètò náà yóò bàjẹ́. Èyí tí ó bàjẹ́ yìí ni ìlà mìíràn yóò mú lò, tí yóò sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ ba òmíràn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìbàjẹ́ náà yóò máa ràn kiri nínú lọ́hùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i, títí yóò fi yọ sí gbangba níbi tí ó jìnnà réré sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yọ sí gbangba yìí ni àmì, òun nìkan sì ni ojú wa kọ́kọ́ rí. Iṣẹ́ ẹni tí ń wá àṣìṣe, ọ̀nà yòówù kí ó gbà, ni láti tọ ipasẹ̀ láti ibi àmì padà sẹ́yìn títí yóò fi dé ìlà tí ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀.

Èyí ni ó mú kí n máa kìlọ̀ gidigidi nípa àtúnṣe tí ó dúró lórí àmì. Ẹni tí ó rí i pé owó tí ó kù lọ́wọ́ oníbàárà ń jáde ní òǹkà tí ó wà lábẹ́ òdo, tí ó sì kọ ìlà kan pé bí owó bá ti wà lábẹ́ òdo kí a sọ ọ́ di òdo, kò wo àìsàn kankan sàn. Ó kàn pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó ń sọ òtítọ́ fún un lẹ́nu mọ́ ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi í

Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, a-wo-ojú-mọ-àrùn, bí a bá gbé aláìsàn dé iwájú rẹ̀, kì í sáré wọ inú igbó lọ já ewé. Yóò kọ́kọ́ bi í léèrè pé nígbà wo ni ara ríro náà bẹ̀rẹ̀, ṣé òru ni ó máa ń le ni àbí ọ̀sán, kí ni ó sì jẹ kí ó tó dá a dùbúlẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a bi àṣìṣe kí a tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni pé: ṣé a lè pè é kí ó jáde nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́? Àṣìṣe tí ń jáde lọ́jọ́ gbogbo tí a bá tẹ bọ́tìnnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìní wa, nítorí pé a lè dán ohun tí a rò nípa rẹ̀ wò nígbà mélòó kan láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ṣoṣo, yóò jẹ wá run bí a bá gbé e bí ti àkọ́kọ́. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé bí àṣìṣe kò bá tí ì ṣe é pè, wíwá bí a ó ṣe máa pè é ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe wíwá ìlà tí ó fà á.

Lẹ́yìn èyí, a ó bèèrè bóyá ìgbà kan wà rí tí ètò náà ń ṣe dáadáa lórí ohun tí ó ń bàjẹ́ lé lórí lónìí. A ó bèèrè bóyá ìwà rẹ̀ a máa yí padà nígbà tí a bá ń ṣọ́ ọ. A ó sì bèèrè bóyá ẹ̀rọ tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ wà níwájú wa ni, tàbí ó wà níbi tí ọwọ́ wa kò tó. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ń darí gbogbo ohun tí ó kù nínú orí yìí.

Kíkà

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ kò kà sí ni mo fẹ́ fi ṣáájú: kí a jókòó, kí a gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù, kí a sì ka kóòdù náà. Kíkà tí mo ń wí kì í ṣe kí ojú máa ré kọjá lórí ìlà; kíkà tí ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè ni, pé kí ni ìwọ gbà gbọ́ nípa iye tí ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí ìgbàgbọ́ rẹ bá kùnà.

Ẹ wo ìlà kan tí ó lókìkí. Nígbà tí a bá ń wá ohun kan nínú àkójọ tí a ti tò lẹ́sẹẹsẹ, a máa ń wo agbedeméjì rẹ̀, a ó mọ apá tí ohun náà wà, a ó tún wo agbedeméjì apá náà, títí a ó fi rí i. Láti mọ agbedeméjì, gbogbo ayé ni ó ń kọ ọ́ báyìí:

`aarin = (isale + oke) / 2`

Kò sí ẹni tí yóò rí ìlà yìí tí yóò fura sí i. Ṣùgbọ́n òǹkà `int` nínú èdè Java kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí àkójọ náà bá kéré, kò séwu. Bí ó bá gùn tó 1,073,741,824 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àròpọ̀ `isale` àti `oke` lè kọjá ààlà yìí kí a tó pín in sí méjì, yóò sì yí padà di òǹkà tí ó wà lábẹ́ òdo. Ní ọdún 2006 ni Joshua Bloch, tí ó kọ ìlà náà sínú àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń bá Java rìn, kéde rẹ̀ fún aráyé pé ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 9, àti pé inú ìwé Jon Bentley tí gbogbo wa fi ń kọ́ iṣẹ́ ni irú rẹ̀ ti wà ṣáájú. Ètò kan tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó ni ó tú u fó. Bí a bá fi ọ̀kẹ́ àìmọye ìdánwò sí i lórí àkójọ kékeré, gbogbo wọn ni yóò yege. Bẹ́ẹ̀ debugger kankan kò ní dúró níbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ tí yóò dúró wò. Ẹni tí ń kà, tí ó sì ń béèrè pé báwo ni òǹkà yìí ti lè tóbi tó, ni ó lè rí i lórí tábìlì rẹ̀ láìtan kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a kọ `isale + (oke - isale) / 2` lọ.

Ìgbà wo wá ni kíkà tọ́? Nígbà tí ibi tí a fura sí kò bá gbòòrò, tí a lè kà á tán ní ìjókòó kan, àti nígbà tí ọ̀ràn náà bá jẹ mọ́ ààlà: òdo, àkójọ òfìfo, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù, òǹkà tí ó tóbi jù. Bí ètò náà bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìlà, tí a kò sì mọ apá tí ọ̀ràn náà wà, kí a má tan ara wa jẹ pé a ó kà á tán.

Print àti debugger

Ìjà tí ó wà láàárín àwọn tí ń lo print àti àwọn tí ń lo debugger ti pẹ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó wà rárá. Àwọn kan gbà pé print jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé; síbẹ̀ Brian Kernighan, tí ó wà ní Bell Labs nígbà tí a ń ṣe Unix, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ọwọ́ rẹ̀ kọ́ èdè C, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrònú tí ó jinlẹ̀, pẹ̀lú print tí a fi sí ibi tí ó yẹ, kò rẹlẹ̀ sí irinṣẹ́ kankan. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú irú ìbéèrè tí wọ́n lè dáhùn. Print a máa sọ ìtàn: èyí ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà èyí, lẹ́yìn náà èyí, ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, tí a ó sì wá kà á ní ìrọ̀rùn bí ẹni ka ìwé. Debugger a máa dá ètò dúró ní ojú kan, a ó sì lè bi í ní ìbéèrè tí a kò tí ì ronú kàn kí a tó débẹ̀: ta ni ó pè ọ́, ta ni ó pe ẹni tí ó pè ọ́, kí ni ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ètò bá kú lójijì, tí ó sì fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì, debugger ni kí a sáré mú, ìbáà jẹ́ gdb tí Richard Stallman kọ ní ọdún 1986 tí a sì ń lò títí di òní, ìbáà jẹ́ òmíràn; kò sí print tí yóò ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́yìn ikú. Bí ó bá jẹ́ pé ètò náà kò kú, tí ó kàn ń ṣi òǹkà ka díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń yí lọ ní ìgbà ẹgbàárùn-ún, dídúró sí ìgbà kọ̀ọ̀kan yóò tán wa ní sùúrù. Print ni ó tọ́ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n print ní ẹ̀tàn tirẹ̀, mo sì fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn tí ó kan àwa tí ń fi èdè Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà gbọ̀ngbọ̀n. Ká ní a kọ ètò kan tí ń wá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé orúkọ. A tẹ Bọ́lá. Ètò náà ní òun kò rí Bọ́lá. A ṣí ìwé orúkọ náà, Bọ́lá sì wà níbẹ̀ kedere. A ní kí Python ṣe print èyí tí a tẹ̀ àti èyí tí ó wà nínú ìwé, méjèèjì sì jáde ní Bọ́lá, láìsí ìyàtọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Ẹni tí ó bá gba ojú rẹ̀ gbọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀sùn kan ìlà tí ń fi orúkọ méjèèjì wé ara wọn, ìlà tí kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi `len()` ka iye àmì tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò ní 5 wà nínú èkíní, 7 sì wà nínú èkejì. Bí a bá sì lo `ascii()`, tí kì í ṣe ojú ènìyàn, yóò tú àṣírí náà báyìí:

`'B\u1ecd\u0301l\xe1'`
`'Bo\u0323\u0301la\u0301'`

Nínú èkíní, lẹ́tà ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, a sì fi àmì ohùn òkè lé e; á náà jẹ́ ẹyọ kan pẹ̀lú àmì rẹ̀. Nínú èkejì, o lásán ni a kọ, tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí, tí a tún fi àmì ohùn sí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe a. Ìlànà Unicode gba méjèèjì láàyè, kíbọọ̀dù tí a fi tẹ̀ wọ́n ni ó yàtọ̀, ìlà tí ń ṣe àfiwé sì ń sọ òtítọ́ nígbà tí ó ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a fi `unicodedata.normalize('NFC', orúkọ)` sọ gbogbo orúkọ di irú kan náà kí ó tó wọlé, kí a sì ṣe bákan náà sí ohun tí a bá tẹ̀ láti fi wá a. Ẹ kíyè sí i pé debugger tí ń fi ọ̀rọ̀ hàn bí print ti ń fi í hàn ìbá tàn wá jẹ bákan náà. Ohun tí ó yọ wá ni pé a yí ìbéèrè padà: a kò béèrè bí ó ti rí lójú mọ́, a béèrè ohun tí ó jẹ́.

Pípín ìtàn sí méjì

Bí ìdáhùn wa bá jẹ́ pé ètò náà ń ṣe dáadáa ní oṣù tí ó kọjá, ohun ìjà tí ó lágbára ju gbogbo èyí tí a ti kà lọ ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, nítorí pé a kò tilẹ̀ ní láti mọ bí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́. A ó mú ẹ̀dà tí ó dára àti ẹ̀dà tí kò dára, a ó dán ẹ̀dà tí ó wà láàárín wọn wò. Bí ó bá dára, ọ̀ràn náà wà lẹ́yìn rẹ̀, bí kò bá dára, ó wà ṣáájú. Bí ẹ̀dà 1,024 bá wà láàárín, ìdánwò 10 péré ni yóò fi dé orí èyí tí ó bà á jẹ́. Àṣẹ `git bisect` a máa ṣe èyí fúnra rẹ̀ bí a bá ti fún un ní ìdánwò tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọdún 1999, Andreas Zeller, onímọ̀ ará Jámánì, mú ọgbọ́n yìí jinlẹ̀ sí i. Debugger gdb ni ó lò fún àpẹẹrẹ: ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ ń ṣe dáadáa, ẹ̀dà tuntun kò ṣe é, ìlà 178,000 ni ó sì yí padà láàárín méjèèjì. Ètò tí Zeller kọ ń pín àyípadà náà, ó ń dán apá kan wò, ó ń jù ú nù tàbí ó ń dì í mú, láàárín wákàtí mélòó kan ó sì ti fi ọwọ́ lé àyípadà kan ṣoṣo tí ó fa gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni a lè lò sí ohun tí a fún ètò jẹ: bí fáìlì ẹgbàárùn-ún ìlà bá ń pa ètò náà, ẹ gé e sí méjì, ẹ wo ìdajì tí ń pa á, ẹ máa gé e títí yóò fi ku ìlà mẹ́ta, nígbà púpọ̀ ni ìdí ọ̀ràn yóò sì hàn fúnra rẹ̀ láìlo ohun mìíràn. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, n kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń bèèrè. Ó ń fẹ́ kí a ti máa fi àyípadà pamọ́ ní kékeré kékeré, nítorí pé ẹni tí ń kó iṣẹ́ oṣù kan sínú ẹ̀dà kan yóò dé orí ẹ̀dà náà, yóò sì rí i pé ìwákiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó sì ń fẹ́ ìdánwò tí kì í parọ́: bí àṣìṣe bá ń jáde lẹ́ẹ̀kan tí ó ń sá pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ó pe ẹ̀dà búburú ní rere, gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e yóò sì máa gbé wa lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan.

Àṣìṣe tí ń sá fún ojú

Jim Gray, nígbà tí ó wà ní ilé iṣẹ́ Tandem, kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé nínú ètò tí a ti dán wò dáadáa, púpọ̀ nínú àṣìṣe tí ó kù ni irú èyí tí a kì í tún rí mọ́ nígbà tí a bá tún iṣẹ́ náà ṣe. Irú èyí ni ó pọ̀ níbi tí iṣẹ́ méjì bá ti ń lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń sọ bí ọ̀ràn yóò ti rí. Bí a bá fi print sí i, print náà yóò dá iṣẹ́ kan dúró díẹ̀, àṣìṣe yóò sì pòórá. Bí a bá sì ń fi debugger tẹ̀ ẹ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ti ba àkókò gan-an tí ó ń bí àṣìṣe náà jẹ́.

Ẹ̀mí ènìyàn ni irú èyí gbà ní ọdún 1986 ní ìlú Tyler, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ Therac-25, tí wọ́n ṣe ní Kánádà láti fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ, da ìtànṣán tí ó pọ̀ kọjá ààlà sára aláìsàn kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú gíláàsì rẹ̀: Malfunction 54. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó tún ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú. Lẹ́yìn èyí ni onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti òṣìṣẹ́ tí ń tẹ ẹ̀rọ náà jókòó tì í, tí wọ́n ń tún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí wọ́n fi rí i pé bí a ti yára tẹ̀ ẹ́ tó ni àṣírí rẹ̀: bí òṣìṣẹ́ bá ṣi irú ìtànṣán yàn, tí ó sì padà ṣe àtúnṣe rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 8 tí ẹ̀rọ fi ń tò tó pé, ẹ̀rọ náà kì í mọ̀ pé a ti ṣe àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ náà, ẹni tí ó dán an wò níbẹ̀ kò kọ́kọ́ rí i, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé kí ó tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Mo ń fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa rántí ọ̀ràn yìí nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ dá oníbàárà lóhùn pé lọ́dọ̀ tòun ó ń ṣiṣẹ́. Irú àṣìṣe báyìí, ẹ má fi ojú ṣọ́ ọ. Ẹ lo irinṣẹ́ bíi rr, tí ń ká gbogbo ìrìn ètò sílẹ̀ kí a lè tún un ṣe bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ní ìgbà tí ó bá wù wá, tàbí ThreadSanitizer, tí ń kéde pé iṣẹ́ méjì fọwọ́ kan ohun kan láìgba àṣẹ, bí kò tilẹ̀ tí ì ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ náà.

Níbi tí ọwọ́ kò tó

Ọkọ̀ Mars Pathfinder gúnlẹ̀ sórí Mars ní ọjọ́ 4 oṣù July ọdún 1997. Láìpẹ́, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pa ara rẹ̀, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ tàn, iṣẹ́ ọjọ́ náà tí ó kù a sì di ọ̀la. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ láti ayé ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ó tó débẹ̀. Kò sí debugger tí a ó dè mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí yóò lọ jókòó tì í.

Iṣẹ́ púpọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ń ṣe pọ̀, a sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò. Iṣẹ́ kan tí ipò rẹ̀ ga, tí ń ṣe àkóso ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà láàárín àwọn ẹ̀yà ọkọ̀, àti iṣẹ́ kan tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ, jọ ń lo ohun kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí iṣẹ́ kékeré bá mú kọ́kọ́rọ́ náà dání, iṣẹ́ àgbà a dúró dè é. Kí iṣẹ́ kékeré sì tó parí tirẹ̀, àwọn iṣẹ́ agbedeméjì tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kò kàn rárá a dìde, wọn a sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n jù ú lọ. Iṣẹ́ kékeré kò ráyè parí, kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àgbà kò sì lè ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ní àkókò tí a dá fún un. Iṣẹ́ mìíràn tí a fi ṣe olùṣọ́ a rí i pé ó pẹ́, a gbà pé nǹkan ti bàjẹ́, a sì pa kọ̀ǹpútà náà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ èyí láti ayé? Glenn Reeves àti àwọn tí ó ṣe ètò náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ JPL ní California ti fi ohun tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrìn iṣẹ́ gbogbo sínú ètò náà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, wọn kò sì yọ ọ́ kúrò nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mú ẹkún sun. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ náà gan-an nílẹ̀, wọ́n tan àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ti Mars ń ṣe títí ọ̀ràn náà fi jáde lójú wọn. Àkọsílẹ̀ ni ó fi hàn wọ́n ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú àti ẹni tí ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ kékeré gba ipò àgbà tí ó ń dúró dè é, títí yóò fi jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. VxWorks, ètò tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà náà, ti ní agbára èyí tẹ́lẹ̀, a kò kàn tàn án ni. Wọ́n fi àyípadà náà ránṣẹ́ sókè, ọ̀ràn sì tán. Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò jù: ọ̀ràn náà ti fara hàn wọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún jáde mọ́ nígbà tí wọ́n wá a. Àkọsílẹ̀ tí ó dúró nínú ètò ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó tọ́ sí ètò tí yóò lọ gbé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ Mars, ìbáà jẹ́ fóònù oníbàárà ní Ṣakí, ọjọ́ tí a ń kọ ètò náà ni a sì ń yàn án, kì í ṣe ọjọ́ tí ó bàjẹ́.

Ẹnu ẹlòmíràn

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí a bá ti wo ìlà kan títí tí ojú wa kò rí i mọ́, kí a pe ẹnìkan, kí a sì ṣàlàyé fún un láti ìlà dé ìlà ohun tí a gbà pé ó ń ṣe. Nígbà púpọ̀ ni ẹnu tiwa yóò tú àṣírí náà kí ẹni náà tó sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí a tó pè é, kí a ti kọ ohun tí a rò, ohun tí a ti dán wò, àti ohun tí ó jáde sílẹ̀, kí ó má baà tún ọ̀nà tí a ti rìn rìn. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà kí a tó tún dán an wò. Ìgbà tí a bá sì rí àṣìṣe náà, kí ohun tí a fi pè é jáde di ìdánwò tí yóò máa gbé nínú ètò náà lọ.

Ìdánrawò

Ní oṣù January ọdún 1987, ní Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, Therac-25 tún ṣe aláìsàn kan ní ibi nítorí ọ̀ràn mìíràn. Iye kan tí a fi byte kan ṣoṣo pamọ́ ni ètò náà ń fi 1 kún nígbà tí ó bá ń yí lọ. Bí iye náà kì í bá ṣe òdo, ètò a yẹ ipò ẹ̀rọ wò, bí ó bá jẹ́ òdo, a fò ó. Ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìyípo 256, kí o sì sọ nínú àwọn ọ̀nà tí a ti kà èyí tí ìwọ ìbá kọ́kọ́ yàn àti ìdí rẹ̀.

Kọ Bọ́lá sínú Python ní ọ̀nà kẹta, kí o fi ó tí ó ti ní àmì ohùn ṣe ẹyọ kan, kí o sì fi àmì ìsàlẹ̀ `\u0323` tẹ̀ lé e, kí á ìparí sì jẹ́ ẹyọ kan. Kí ni `len()` sọ? Kí ni èyí fi yé ọ nípa ẹni tí ó bá fi iye àmì nìkan yẹ orúkọ wò?

Àṣìṣe kan ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 5 tí a bá dán ètò wò. O fẹ́ lo `git bisect` lórí ẹ̀dà 500. Ìgbà mélòó ni ìwọ yóò dán ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wò kí o tó gbà pé ó dára, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ìwákiri náà bí o bá dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní ẹ̀ẹ̀kan péré?